Ìjàpá Dà?

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, mi ò lè gba Enuwa ní Ifẹ̀ yìí kọjá kí wọ́n má dá mi dúró. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí: "Níyì, ìwọ tó wa jíìpù lọ sí Ṣábẹ, tó tún wa Ìjàpá lọ, èwo ló dáa jù?" Ẹ ti sọ ọ́ di iyàn. Àwọn kan tilẹ̀ ti mú ìdáhùn tiwọn kí n tó lanu. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnu mi lè sinmi. Mi ò kàwé púpọ̀. Kíláàsì kẹta girama ni mo ti yà lọ kọ́ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n mo ti rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ.

Ẹni tó bá ń kà á tí kì í ṣe ará Ìlódè lè má mọ Ìjàpá wa. Mọ́tò ni o. Ọkọ̀ kékeré àtijọ́ ọ̀hún ni, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí búùtù rẹ̀ wá wà níwájú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni ín. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí bàbá mi kú, abẹ́ ọkọ̀ náà ni mo sì ti kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ sípánà. Bàbá Oníjàpá ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi ń pè é ní Bàbá.

Ìbejì ni Bàbá. Òun ni Táyé. Kẹ́hìndé rẹ̀, obìnrin, fẹ́ ará Ṣábẹ kan tó wá ṣòwò ní Ifẹ̀, ó sì bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú rẹ̀, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìjàpá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wa nígbà náà, ló gbé e lọ. Bàbá sì sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀ pé, "Ọkọ̀ tó gbé ọ wá yìí náà ló máa gbé ọ wálé wá kí wa." Ọdún ń gorí ọdún. Ọmọ dé, iṣẹ́ dé, ọkọ kú, wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n ṣí i, wọ́n tún tì í. Bàbá máa ń lọ kí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nínú bọ́ọ̀sì èrò. Kẹ́hìndé kò wálé rí. Ní báyìí ojú rẹ̀ ti ṣú, kò ríran mọ́. Láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni kò ti jáde dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá ní kí Ayédùn, ọmọ rẹ̀, pe Bàbá lórí fóònù: òun fẹ́ fọwọ́ kan ògiri ilé bàbá àwọn.

Bàbá ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí fóònù. Gbogbo Ìlódè ló gbọ́ èsì rẹ̀: "Ayédùn! Sọ fún ìyá rẹ pé Ìjàpá ń bọ̀! Ìjàpá! Kí ẹ wá àyè sílẹ̀ fún un o!"

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. A ó padà sórí rẹ̀.

Rótò

Ọ̀gá mi, ọkùnrin kan tó ń ra kòkó àti kaṣú lọ́nà Ìpetumodù, ló ni jíìpù. Èmi ni mo ń wà á. Ó funfun, ó ga, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jókòó sínú rẹ̀, ẹ óò máa wo orí àwọn ènìyàn láti òkè. Nígbà tí ọ̀gá gbọ́ pé a ń lọ sí Ṣábẹ, ó ní kí n gbé e lọ, kí n bá òun wo bí kaṣú wọn ṣe rí. Mo sáré wálé.

"Jíìpù kẹ̀?" Bàbá ní. "Ta ló bẹ̀ ọ́? Ìjàpá ni mo ṣèlérí."

"Bàbá, ìbàdí yín ńkọ́? Ọ̀nà yẹn jìn o."

"Ìbàdí mi àti Ìjàpá jọ dàgbà ni. Wọ́n mọ ara wọn. Ìwọ lọ yẹ̀ ẹ́ wò fún mi, ojú mi ò gbé ẹ́ńjìnì mọ́. Tí o bá ti ní ó dáa, ó dáa nìyẹn."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dáa. Ẹ gbọ́ mi yékéyéké: kò sí ohunkóhun tó ṣe ọkọ̀ náà. Mo wá tún ṣí ẹ́ńjìnì, mo yọ rótò, mo fi sápò ṣòkòtò mi. Rótò kò ju àtàǹpàkò ènìyàn lọ. Òun ló máa ń yí, tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ́ńjìnì á kàn máa wúkọ́ ni.

Mo ní àwíjàre lọ́wọ́ nígbà náà. Mo sọ fún ara mi pé nítorí ìbàdí Bàbá ni. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kí àwọn ará Ṣábẹ rí mi nínú jíìpù ni. Gbogbo ẹgbẹ́ mi tó parí ìwé ni wọ́n ti ní nǹkan tí wọ́n fi ń hàn. Èmi náà fẹ́ dé ibì kan báyìí, kí wọ́n máa wò mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò, Bàbá wọ kóòtù rẹ̀, ó dé fìlà, ó wọnú Ìjàpá. Ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn ìkẹrin, ó fọwọ́ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ́pẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń tu ọmọ nínú, ó ní, "Pẹ̀lẹ́. Ó ti rẹ̀ ọ́." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì wọ jíìpù.

Nínú jíìpù

N ó sọ òótọ́ jíìpù, torí kò ṣẹ̀ mí. Ọkọ̀ ni. Gbogbo kòtò tó wà láàárín Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn, ó gbé wọn mì bí ẹni ń mu omi. Òkè tí tírélà ń sunkún gùn, ẹsẹ̀ kan ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Éésì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Lẹ́yìn Ṣakí, odò kan ti kún sójú títì, ọkọ̀ akẹ́rù méjì dúró létí rẹ̀, wọ́n ń wò ó. Mo yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, a gba inú omi náà kọjá bí ẹni ń lọ kí ará ilé kejì. Mo wojú Bàbá bóyá ó máa yìn mí. Ó jókòó bí ẹni tó ń dúró de dókítà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sórí itan.

Ohun tí mi ò tètè kíyè sí ni pé ẹnikẹ́ni ò bá wa sọ̀rọ̀ lọ́nà. Ní ẹnubodè, ọlọ́pàá wọn kí mi bí ọ̀gá, ó fọwọ́ kan fìlà, ó wá béèrè ìwé tí mo mọ̀ àti èyí tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Nígbà tí a wọ abúlé, àwọn obìnrin fi etí aṣọ bo àkàrà nítorí eruku wa. Mo bi ọkùnrin kan léèrè ọ̀nà, táyà ni ó ń wò tó fi dá mi lóhùn.

Ilé oúnjẹ kan wà lẹ́bàá ọ̀nà lọ́hùn-ún, níbi tí ìyá kan ti ń gún iyán, tó ń bù ú pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ ti jẹ iyán, ẹ ò tíì fi ọbẹ̀ ẹ̀pà jẹ ẹ́. Bí ìyá náà ṣe rí jíìpù, ó lé àwọn èrò kúrò lórí àga kan tó ní ìfẹ̀yìntì, ó nu tábìlì nù lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé iyán wa wá pẹ̀lú fọ́ọ̀kì.

"Fọ́ọ̀kì, Níyì," Bàbá sọ wẹ́lẹ́. "Wọ́n ní kí n fi fọ́ọ̀kì jẹ iyán."

"Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún wa ni, Bàbá."

"Hùn."

Ó fọwọ́ jẹ ẹ́. Èmi fi fọ́ọ̀kì jẹ tèmi. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Kòtò

Ṣábẹ kì í fara pa mọ́. Láti òkèèrè lẹ óò ti rí àwọn òkè àpáta rẹ̀, roboto, dúdú, tí wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀ wá kó wọn tó gbàgbé. Èdè wọn jọ tiwa, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ ọ́ lórin ibòmíràn, Faransé sì ń yọjú láàárín rẹ̀. O lè lóye gbogbo ọ̀rọ̀ kí o má mọ ohun tí wọ́n sọ.

Ayédùn ti dúró dè wá lójú ọ̀nà, àgbẹ̀ oníkaṣú, ó ga bí òpó iná. "Bọ̀nàrífè! Bọ̀nàrífè!" Faransé ni, ẹ káàbọ̀ ló túmọ̀ sí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá nínú eruku. Gbogbo ará àdúgbò ti pé. Mo rọra tẹ họ́ọ̀nù, mo rọra sọ̀ kalẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìka kan, bí mo ṣe ti ń fi ọkàn rò ó láti ilé. Kò sẹ́ni tó wò mí. Búùtù jíìpù ni gbogbo wọn ń wò. Ayédùn ṣí i, ó gbé àpò gààrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé èkejì.

"Ìbejì màmá mi, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ìjàpá dà?"

"Ó wà nílé," Bàbá ní. "Kò lè rìn mọ́."

"Háà! Ṣé ó kú ni?"

"Kò tíì kú. Ó kàn ń wúkọ́ ni."

"Ìjàpá ń wúkọ́?" Ayédùn wojú àwọn ènìyàn rẹ̀. "Ẹ̀ bá ti gbé e sínú búùtù yìí, ká tọ́jú rẹ̀ níbí."

"Inú búùtù wo? Báwo ló ṣe máa wọ̀ ọ́?"

"Ṣé ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ni, sà?"

"Ayédùn, ṣé orí rẹ pé? Ènìyàn mẹ́rin ló ń jókòó sínú rẹ̀!"

Obìnrin kan pariwo, "Yé!" Ayédùn di ọwọ́ Bàbá mú, ó mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò kan síbẹ̀, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, wọ́n bu omi sí i, wọ́n ká ewé ìbẹ́pẹ jọ sétí rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní ká wá àyè sílẹ̀ fún un," Ayédùn ní, ohùn rẹ̀ ti ń lọlẹ̀. Kòsínẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe irú mọ́tò yẹn ní tiwọn. Orí fóònù ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ Ìjàpá, ìjàpá inú igbó nìkan ni wọ́n sì mọ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn sì wà lẹ́nu mi nígbà tí ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn fèrèsé.

"Ta ló dé tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín?"

"Èmi ni, Kẹ́hìndé. Èmi Táyé."

"Táyé kẹ̀? Mo ti ń tẹ́tí láti àárọ̀. Mi ò gbọ́ ọ. Ìjàpá dà?"

Ìbéèrè kan náà ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Rótò wà nínú àpò mi, mo ń mọ ìgbóná rẹ̀ lára itan mi.

Nínú yàrá, Kẹ́hìndé, tí èmi ń pè ní Màmá, jókòó lórí ẹní, ó ti wọṣọ ìjáde, ó so gèlè. Ayédùn sọ fún wa pé ó ti kọ oúnjẹ láti àárọ̀, kí ariwo ìjẹun má baà jẹ́ kí ọkọ̀ náà kọjá lára òun. Ó ti sọ fún wọn, láìdárúkọ Ìjàpá, pé ọjọ́ tí òun bá gbọ́ ohùn ọkọ̀ náà, òun á dìde, òun á fẹsẹ̀ ara òun rìn jáde. Bàbá jókòó tì í, ó fi ọwọ́ rẹ̀ sọ́wọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Màmá wí. "Èmi ni mo rán ọ jáde wá wo ayé fún mi. O jẹ́ iṣẹ́ yẹn."

"Mo jẹ́ ẹ. Èmi náà ni mo kọ́kọ́ dé."

"Àbúrò ni í kọ́kọ́ dé. Iṣẹ́ kejì ni o ò jẹ́."

"Ọkọ̀ náà bàjẹ́, Kẹ́hìndé. Níyì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ jíìpù yìí ká jọ máa lọ, ó dáa, ó tutù."

"Mo gbọ́ pé ó dáa. Kò tilẹ̀ dún. Ojú mi ò rí i, etí mi ò gbọ́ ọ. Kí ni mo fẹ́ wọ̀?"

Ọjọ́ méjì la lò. Wọ́n fún mi ní wàrà dídín, àkàsà tútù tó jọ ẹ̀kọ wa, omi kaṣú tó ń fa ahọ́n. Wọ́n tọ́jú mi gan-an. Màmá ò dìde lórí ẹní.

Ẹ̀rọ tó ń béèrè kọ̀ǹpútà

Nígbà tí à ń padà bọ̀, iná pupa kékeré kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù jíìpù, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí bàtà há mọ́ lẹ́sẹ̀. Ní Ṣakí, mẹkáníìkì mẹ́ta ló yí i ká. Èmi ni ìkẹrin. A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ rí bí àpótí tí wọ́n tì pa. "Kọ̀ǹpútà ló ń béèrè," ni ọ̀kan wí. A pa á dé. A rọra wọ́ dé ilé. Bàbá ò bínú, kò sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ní Ìlódè, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìjàpá lọ láìwò ó, ó wá padà, ó fa tapólì bò ó dé ilẹ̀.

"Lọ́la, bá mi dé Sábó," ó ní. "Pe àwọn tó ń ra ògbólógbòó irin wá. Kí wọ́n wá gbé e."

"Bàbá..."

"Ó ti kú. Ìwọ náà lo yẹ̀ ẹ́ wò."

Mo ti fẹ́ sọ ọ́ ní Ṣábẹ, mo ti fẹ́ sọ ọ́ ní Ìsẹ́yìn, mo ti lanu ní Ọ̀yọ́ tí mo wá fi béèrè bóyá ebi ń pa Bàbá. Ibẹ̀ ni mo ti kúnlẹ̀. Mo yọ rótò, mo fi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bàbá gbé e súnmọ́ ojú. Ó mọ̀ ọ́n. Òun ló kọ́ mi lórúkọ rẹ̀.

"Ó wà lápò rẹ ní Ṣábẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Nígbà tí Kẹ́hìndé ń béèrè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó dá a padà fún mi. "Fi í síbẹ̀." Mo fi í síbẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́, Ìjàpá dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tá-tá-tá-tá, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tó ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bàbá jókòó sínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ tí ẹ́ńjìnì sì ń dún.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ ju "o kú iṣẹ́" lọ. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní, "Fọ mọ́tò. À ń padà lọ sí Ṣábẹ." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó ní, "Má dúpẹ́. Mi ò ní bá ọ sọ fún Kẹ́hìndé. Ìwọ lo máa sọ."

Nínú Ìjàpá

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ Ìjàpá náà, torí èmi kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni mọ́. Kì í sáré. Ọ̀kadà ń yà á sílẹ̀. Kòtò tí jíìpù gbé mì, Ìjàpá ń kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórúkọ. Kò ní éésì, afẹ́fẹ́ tó bá wà níta ni tiyín, pẹ̀lú eruku rẹ̀. Ní odò lẹ́yìn Ṣakí, a sọ̀ kalẹ̀, a jókòó létí omi láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán kí ó tó fà. Ẹni tó bá ń kánjú, kó wọ jíìpù.

Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ọlọ́pàá tó kí mi bí ọ̀gá lọ́jọ́sí jáde wá láti abẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín kí a tó dúró. "Kòsínẹ́ẹ̀lì! Bàbá, ṣé wọ́n bí ẹ̀yin àti ọkọ̀ yìí pọ̀ ni?" Bàbá ní, "Rárá o, ìbejì mi ń bẹ ní Ṣábẹ." Ìwé tí ó béèrè kò ju ẹyọ kan lọ, kò sì kà á. Ìyá oníyán gbé wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn èrò, ó da iyán sínú abọ́ kan, ó ní, "Ẹ fọwọ́, ẹ jẹun, ẹ má bá mi ṣe àlejò." Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí fọ́ọ̀kì. Ọkùnrin tó jókòó tì mí fi ìgúnpá gbún mi pé kí n sún, ó wá sọ ìtàn ìyàwó rẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò bi í.

Ní abúlé kejì, wáyà tọ́tù já, èyí tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ọkùnrin kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe ti wọ abẹ́ Ìjàpá kí n tó ṣí sípánà. "Bàbá tèmi ní irú rẹ̀," ó ń sọ lábẹ́ ibẹ̀. "Inú rẹ̀ ni wọ́n bí àbúrò mi sí." Ó ge wáyà bíréèkì ọ̀kadà, èmi ni mo dè é láti òkè, òun ló dè é láti ìsàlẹ̀, a ò pẹ́ rárá. Nígbà tí a béèrè ohun tí yóò gbà, ó ní ká jẹ́ kí òun wà á dé ìdí máńgòrò ọ̀hún. Ó wà á lọ, ó wà á bọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì nu ojú rẹ̀.

Mo rò ó bí a ṣe ń lọ. Ọ̀nà kan náà, ènìyàn kan náà ni mo jẹ́. Nínú jíìpù, àlejò ni mí dé Ṣábẹ. Nínú Ìjàpá, gbogbo abúlé ló ní ẹnì kan tó mọ̀ mí.

Etí Màmá

A ò tíì rí ilé Ayédùn nígbà tí a rí i. Màmá. Ó ti dúró sétí títì nínú oòrùn, ó fi ọwọ́ kan di èjìká ọmọ rẹ̀ mú, ó gbé èkejì sétí bí ẹni ń gbọ́ nǹkan láti òkèèrè. Wọ́n ní a ṣì wà lẹ́yìn àpáta nígbà tó ti dìde lórí ẹní. Bàbá na ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ họ́ọ̀nù bí mo ṣe ń wa ọkọ̀ lọ, píì-píì, Màmá sì gbé ọwọ́ sókè.

Ojú rẹ̀ ni mo ń wò tí mo fi yà wọ agboolé. Mo gbàgbé kòtò. Ẹsẹ̀ iwájú Ìjàpá wọ̀ ọ́ gbàmù, omi ta sí gbogbo wa lára.

"Ó ti wọlé rẹ̀!" Ayédùn kígbe. "Mo sọ fún yín pé mi ò ṣe àṣedànù! Ìjàpá ti wọlé rẹ̀!"

Ọkùnrin mẹ́fà gbé e jáde, èmi ni ìkeje, bí ẹni ń gbé àga. Ká ní jíìpù ni, ì bá ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Bí a ṣe gbé e kalẹ̀, Màmá ti rìn débẹ̀. Ó fọwọ́ tọ́ ọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tí ẹ́ńjìnì ń gbóná, ó fi í síbẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀," ó wí fún un. Ó wá yí sí wa. "Ẹni tó tún un ṣe kú iṣẹ́. Ta ni?"

Ayédùn wo Bàbá. Bàbá wo ilẹ̀.

"Màmá, kò bàjẹ́ rí," mo ní. "Èmi ni mo yọ rótò rẹ̀. Ó wà lápò mi nígbà tí ẹ̀ ń béèrè Ìjàpá."

"Kí ló dé tí o fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Mo fẹ́ kí ẹ rí mi nínú jíìpù, mà."

Ó bú sẹ́rìn-ín, òun nìkan. "Kí èmi rí ọ?" Ó fi ìka kan ìpéǹpéjú rẹ̀. "Èmi yìí?"

Kò sí ibi tí mo fẹ́ sá sí. Ẹ̀rín náà tán. Ó ní, "Ibo ni ẹ́ńjìnì ọkọ̀ yìí wà?"

"Ẹ̀yìn ni, mà."

"Ẹ̀yìn ni kí o jókòó sí. Kí o máa gbọ́ ọ."

Ilé

Bàbá wà á fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́. Màmá jókòó tì í níwájú, gíláàsì sísọ̀kalẹ̀, wọ́n ń jà lórí ta ni ẹ̀gbọ́n láti Ṣábẹ dé Ọ̀yọ́. Èmi wà lẹ́yìn, orúnkún mi kan àgbọ̀n mi, ẹrù lọ́tùn-ún, ẹrù lósì, tá-tá-tá-tá ń lu mí lẹ́yìn. Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Màmá ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ibi tí a dé fún òun. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Táyé, Ìpetumodù rèé."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Àwọn tó ń kí Ìjàpá ti ń sọ̀rọ̀ bí ará ilé."

Ní Ìlódè, Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó yí ká, ó ṣí i fún un. Ó mú un lọ́wọ́ dé iwájú ilé. Gbogbo àdúgbò dúró. Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ògiri, ó gbé iwájú orí lé e. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn méjì péré ni Ìjàpá ní. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn kò lè jáde fúnra rẹ̀, àfi tí ẹnì kan bá ti àga iwájú ṣíwájú fún un. Jíìpù ní ilẹ̀kùn mẹ́rin; ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀ fún un. Gbogbo wọn ti gbàgbé mi síbẹ̀. Mi ò pè wọ́n. Mo jókòó, ẹ́ńjìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ń dún kín-ín kín-ín lẹ́yìn mi bó ṣe ń tutù.

Màmá ò gbé ọwọ́ kúrò lára ògiri. Ó kàn yí etí padà.

"Níyì dà?"

"Mo wà lẹ́yìn, mà."

"Ẹ ṣí i fún un," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀."